Àkèré Mẹ́rin Nínú Àpótí Kan

Lọ́jọ́ tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àkèré méjì ni mo ní. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n di mẹ́rin. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. N kò fi ebi pa wọ́n, n kò sì gbàgbé omi wọn lọ́jọ́ kankan. Síbẹ̀, èmi ni mo fa ikú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí.

Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni a ń gbé. Àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, ló fún mi ní àwọn àkèré méjì àkọ́kọ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní àkèré olóró ni wọ́n. Wọn kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, àwọ̀ wọn sì dà bí àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Bí orúkọ yẹn bá ń ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, kí ó fara balẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí sínú ilé kì í ní oró, màá sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí mi, mo fi owó tí wọ́n ta mí lọ́rẹ ra àkèré méjì mìíràn ní ọjà kan tí wọ́n ti ń ta ẹranko afàyàfà àti àkèré. Àwọn yìí ní àwọ̀ ewé àti dúdú. Bàbá Kékeré rìnrìn àjò, n kò sì pè é. Mo wo àpótí gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, mo rí i pé àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Àkèré ṣáà ni gbogbo wọn, kòkòrò kan náà ni wọ́n ń jẹ, ooru kan náà ni wọ́n ń fẹ́. Mo da àwọn àlejò pọ̀ mọ́ àwọn onílé ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ aró kò jẹun mọ́. Inú àwo omi ló ń jókòó sí ṣáá, awọ ara rẹ̀ sì ń bó. Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Ìkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ewé. Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, ó wo àpótí náà títí, kò bú mi. Gbólóhùn kan ló sọ: "O ò béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀."

Dókítà ẹranko fi òwú nu awọ ara èyí tó kù, ó fi òwú náà ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò, ó sì fún wa ní oògùn tí a óò máa pò mọ́ omi láti fi wẹ àkèré náà lójoojúmọ́. Èsì tó padà wá jẹ́ orúkọ gígùn kan: Batrachochytrium dendrobatidis. Nígbà tí mo sọ fún olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtàn pé àrùn ló pa àkèré mi, ó ní, "Ìyẹn kò tíì dáhùn ohunkóhun. Báwo ni àrùn náà ṣe rìn dé yàrá rẹ?" Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, mo sì rí i pé kí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi tó lè pa àkèré mẹ́ta, ó gba nǹkan bí igba ọdún. Ohun tí mo sì kọ́ ni pé àwọn ẹ̀dá tí òkè, odò àti òkun ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, ènìyàn kò lè kó wọn jọ ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ó má san nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1829, dókítà kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Nathaniel Ward. Ó fẹ́ràn ewéko, ṣùgbọ́n èéfín èédú pọ̀ ní ìlú náà débi pé ewéko kì í yè nínú ọgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ wo bí àfòpiná kan yóò ṣe jáde láti inú èèpo rẹ̀, ó sì gbé e sínú ìgò pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó dé ìgò náà. Kí ó tó mọ̀, koríko kan àti ewéko kékeré kan ti hù nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Omi tó ń gòkè láti inú iyẹ̀pẹ̀ lọ́sàn-án ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó sì ń ṣàn padà sílẹ̀. Èéfín Lọ́ńdọ̀nù kò lè wọlé. Ward ti ṣàwárí pé a lè dé igbó kékeré mọ́ inú gíláàsì, kí ó sì máa wà láàyè.

Ní ọdún 1833, ó to ewéko sínú àpótí gíláàsì, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi sí Sydney ní Ọsirélíà. Ṣáájú àkókò yìí, iyọ̀ òkun àti òùngbẹ ló máa ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko tí wọ́n bá gbé gba ojú òkun. Àwọn ti Ward dé láàyè. Ní 1842, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, àpótí náà sì tàn ká ayé. Inú irú àpótí yìí ni Robert Fortune kó àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ igi tíì sí láti Ṣáínà lọ sí Íńdíà láàárín 1848 sí 1851, lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àpótí tí a ń sin àkèré sí lónìí, ọmọ-ọmọ àpótí Ward ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àpótí náà kò lè ṣe. Kò lè ya ohun tí a fẹ́ gbé kúrò lára ohun tí a kò mọ̀ pé a gbé. Iyẹ̀pẹ̀ bá ewéko rìn, kòkòrò bá iyẹ̀pẹ̀ rìn, ohun tí ojú kò rí náà bá kòkòrò rìn.

Ní ti àwọn àkèré olóró, igbó tútù Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti ti àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn Kòlóńbíà, àwọn ọdẹ ẹ̀yà Emberá mọ̀ wọ́n láti ìrandíran. Wọ́n máa ń fi ẹnu ọfà tẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹ̀yìn àkèré kan, wọn yóò sì fi ọ̀pá oníhò fẹ́ ọfà náà mọ́ ẹran. Ní 1978, Charles Myers, John Daly àti Borys Malkin kọ̀wé nípa èyí tí oró rẹ̀ le jù nínú wọn. Ó ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Phyllobates terribilis, ìyẹn ẹlẹ́rù. Nínú gbogbo ẹbí àkèré wọ̀nyí, ẹ̀yà díẹ̀ péré ni àwọn ọdẹ ń lò fún ọfà. Orúkọ díẹ̀ ni wọ́n fi pe gbogbo wọn.

Daly yìí kan náà ló ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí oró ti ń wá. Ní ọdún 1932, wọ́n kó àkèré aláwọ̀ ewé àti dúdú, irú tí èmi rà yẹn gan-an, láti Panamá lọ sí erékùṣù Oahu ní Hawaii, kí wọ́n lè máa jẹ ẹ̀fọn. Wọ́n gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Daly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oró àwọn tó wà ní Hawaii wé ti àwọn tó wà ní Panamá, wọ́n rí i pé wọn kò dọ́gba mọ́. Àwọn tí wọ́n tọ́ nínú ilé, tí wọ́n ń jẹ irú kòkòrò kéékèèké tó máa ń bo èso, kò tilẹ̀ ní oró kankan. Èèrà àti àwọn kòkòrò igbó ni àkèré ń jẹ tó fi ń kó oró jọ sára. Nítorí náà, bí a bá gbé e kúrò nínú igbó rẹ̀, a ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Àwọn aláwọ̀ aró tèmi náà ní ìtàn tiwọn. Ní gúúsù Suriname, pápá ọ̀dàn kan wà tí ń jẹ́ Sipaliwini. Láàárín koríko rẹ̀, a rí igbó kéékèèké tó dá dúró bí erékùṣù lójú òkun. Inú àwọn igbó wọ̀nyí ni àkèré aláwọ̀ aró ń gbé, koríko gbígbẹ sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ní 1969, onímọ̀ ọmọ Netherlands kan, Marinus Hoogmoed, sọ ọ́ lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ní 2006, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ẹ̀ka kan lára ẹ̀yà ńlá tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ìjìnnà ló fún un ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ àkèré sísìn fi ń kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ da ẹ̀ka méjì pọ̀. Àwọn tó bá sún mọ́ ara wọn lè gun ara wọn, ọmọ tí wọ́n bá sì bí kì yóò jọ ti igbó kankan. Àwọn abo wọn tún máa ń bá ara wọn jà, èyí tí kò lágbára kì yóò sì rí oúnjẹ jẹ. Ewu méjì yìí, ojú lè rí wọn. Ìkẹta ni ojú kò rí, ìkẹta yẹn ló sì wọ yàrá mi.

Láti mọ bí àrùn ṣe ń bá àkèré rìn, ẹ jẹ́ ká kọjá sí Áfíríkà wa. Ní 1927, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Lancelot Hogben dé Yunifásítì Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí àkèré odò kan tó pọ̀ níbẹ̀, Xenopus laevis. Ó rí i pé bí òun bá fi abẹ́rẹ́ gún abo rẹ̀ pẹ̀lú oje tí wọ́n yọ lábẹ́ ọpọlọ màlúù, àkèré náà yóò yé ẹyin. Láti ibẹ̀, ní àwọn ọdún 1930, wọ́n rí i pé ìtọ̀ obìnrin tó lóyún lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Dókítà yóò gún àkèré ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ náà, bí ó bá yé ẹyin kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ọmọ ti lóyún nìyẹn. Kò sí àyẹ̀wò tó yá tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ẹ wo irú ayọ̀ tí àkèré yìí gbé wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìrìn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n kó kúrò ní Gúúsù Áfíríkà lọ sí ilé ìwòsàn àti yàrá ìwádìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí àyẹ̀wò tó rọrùn jù ú lọ dé ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ oyún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan sá lọ, wọ́n sì tú àwọn kan sílẹ̀. Wọ́n di ará ilé sínú omi California, Chile, Faransé àti Wales. Lẹ́yìn náà ni òwò àkèré fún ìtọ́jú nínú ilé tún gbilẹ̀. Láti 1987 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ń ṣọ́ òwò àwọn àkèré olóró, kí wọ́n má baà kó wọn tán nínú igbó. Ìwé àṣẹ yẹn ń ka iye àkèré. Kò ka ohun tó wà lára awọ wọn.

Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ nípa àkèré àti ẹranko afàyàfà pàdé ní Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpàdé àgbáyé wọn àkọ́kọ́. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò. Odò tí àkèré ti ń ké tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Ní Queensland ní Ọsirélíà, àkèré kan wà tí abo rẹ̀ máa ń gbé ẹyin rẹ̀ mì, tí àwọn ọmọ yóò dàgbà nínú ikùn rẹ̀, tí yóò sì bí wọn láti ẹnu. Láti 1981, kò sẹ́ni tó rí i nínú igbó mọ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé irú ìparun bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kò gé igi rẹ̀, tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan nítòsí.

Ìdáhùn jáde láti ibi tí n kò retí, kò sì jìnnà sí ilé wa. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn àkèré bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọgbà ẹranko ìjọba ní Washington. Àkèré olóró láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń kú, àkèré orí igi láti Ọsirélíà náà ń kú. Òkun tó gbòòrò jù lọ láyé ló wà láàárín ìlú àwọn méjèèjì, ikú kan náà ló sì ń pa wọ́n lábẹ́ òrùlé kan. Donald Nichols àti Allan Pessier, tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò òkú ẹranko níbẹ̀, wo awọ ara wọn lábẹ́ maikirosíkóòpù. Wọ́n rí ohun róbóróbó kan tó kún inú awọ náà, tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí lára àkèré. Wọ́n kàn sí Joyce Longcore ní Yunifásítì Maine, ẹni tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó yọ ọ́ láti ara àkèré aláwọ̀ aró kan tó kú, ó sì gbìn ín títí ó fi hù. Ní 1999, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ tó wà nínú èsì àyẹ̀wò mi nìyẹn. Ìbátan olú tí a ń jẹ ni nǹkan náà, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀: batrachos ni àkèré, ìdajì kejì sì wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìkòkò amọ̀, nítorí pé ó rí bí ìkòkò kékeré. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, dendrobatidis, wá láti orúkọ àkèré olóró tí wọ́n ti rí i. Inú ìkòkò náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi lọ bá awọ ara mìíràn. Àkèré ń fi awọ ara mí, ó sì ń fi mu omi. Bí àrùn bá ba awọ náà jẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, títí ọkàn yóò fi dáṣẹ́ dúró. Mo ka èyí, mo sì rántí bí tèmi ṣe jókòó sínú àwo omi.

Ọdún kan ṣáájú ìsọmọlórúkọ yẹn, ní 1998, Lee Berger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé pé irú àrùn yìí ló wà lára àwọn àkèré tó kú nínú igbó Ọsirélíà àti ti Panamá. Ọ̀rọ̀ inú ọgbà ẹranko àti ọ̀rọ̀ inú igbó wá di ọ̀kan. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò pé ó kéré tán, ẹ̀yà 501 ni àrùn náà ti mú dín kù káàkiri ayé, àti pé ó dà bíi pé 90 nínú wọn ti pòórá.

Níbo ló ti wá? Fún ìgbà díẹ̀, Áfíríkà ni wọ́n nawọ́ sí. Ní 2004, wọ́n rí àmì àrùn náà lára òkú Xenopus kan tí wọ́n ti tọ́jú láti 1938, wọ́n sì rò pé òwò àyẹ̀wò oyún ló gbé e káyé. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á, bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀sùn kan ẹbí mi. Ṣùgbọ́n ní 2018, ẹgbẹ́ ńlá kan kó àrùn náà jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n ka DNA rẹ̀, ó sì tọ́ka sí ìlà-oòrùn Éṣíà, ní agbègbè Kòríà. Wọ́n ní ó jọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, bí ènìyàn ti ń kó àkèré láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ta ló ni àrùn kò ṣe pàtàkì tó ọ̀rọ̀ ta ló gbé e. Àkèré kò wọ ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀.

Bí mo bá dá ìtàn dúró síbí, yóò dà bíi pé àpótí gíláàsì burú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn náà ń sún mọ́ àfonífojì El Valle de Antón ní Panamá ní 2006, àwọn tó fẹ́ràn àkèré kò ní ilé tó yẹ láti kó wọn sí. Òtẹ́ẹ̀lì kan gbà wọ́n, wọ́n sì to àpótí sínú yàrá àlejò títí ilé tí wọ́n ń kọ́ fi parí. Àkèré wúrà, tí àwọn ará Panamá kà sí àmì oríire, wà lára àwọn tí wọ́n gbà là. Lónìí, inú àpótí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí a mọ̀ wà. Wọ́n ń bí i ní Panamá, wọ́n sì ń bí i níbí ní Maryland, ní ọgbà ẹranko Baltimore. Mo lọ wò ó. Ohun tó kọlù mí ni ìlànà wọn: ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, omi àpótí kan kì í kan èkejì, ẹni tó ń tọ́jú wọn a sì máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí ó tó kan òmíràn. Àpótí tó gba àkèré là àti àpótí tó pa tèmi, gíláàsì kan náà ni. Ìlànà ló yàtọ̀.

Ṣé kò wá ṣeé ṣe kí ẹ̀yà méjì gbé pọ̀ rárá? Mo fẹ́ ṣe òtítọ́ níbí. Ó ṣeé ṣe. Ní National Aquarium ní Baltimore, igbó kan wà lábẹ́ òrùlé gíláàsì níbi tí ẹyẹ àti onírúurú ẹranko ti ń gbé pọ̀ láti àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbà bẹ́ẹ̀ ní dókítà tiwọn, àyè wọn tóbi, wọn a sì máa ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó bá onílé pàdé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ní àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Àpótí kejì ni ì bá ti rà kí ó tó ra àkèré kẹta.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ku ibì kan. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti bí màmá mi, a sì ń múra láti lọ síbẹ̀ ní Kérésìmesì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mo fi ọdún mẹ́rin jù, ti rí àwòrán àwọn àkèré mi nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi mú ẹyọ kan bọ̀. Màá dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lódò wa."

Mo ti wádìí nípa ibẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìlà-oòrùn Ghana, gba Togo àti Benin kọjá, igbó kìjikìji Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já, pápá ọ̀dàn sì gba àárín rẹ̀ dé etí òkun. Inú àlàfo yìí ni Kétu wà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àkèré agbègbè wa. Wọ́n ti rí àrùn náà ní Nàìjíríà kí ó tó di ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àkèré tí wọ́n yẹ̀ wò ní ìhà ìwọ̀-oòrùn àlàfo náà, wọn kò rí i lára ẹyọ kan. Wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn wà lára ohun tó dí i lọ́nà. Ẹ gbọ́ o: pápá ọ̀dàn tí àwọn bàbá ńlá màmá mi ń dáko sí lè jẹ́ odi tó ń ṣọ́ àkèré orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ọmọ kan tó gbé ike kékeré sínú báàgì lè fo odi náà láàárín ọjọ́ kan.

Mo pè é padà, mo sọ fún un pé n kò ní mú un wá. Ó bínú, ó ní ahun ni mí. Mo wá sọ ìtàn mẹ́ta tó kú fún un, láti alẹ́ tí mo dà wọ́n pọ̀ títí dé àwo omi. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bi mí pé: "Ṣé àwọn tó wà lódò wa mọ̀ pé àwọn wà láìléwu?" Mo ní wọn kò mọ̀, àwa ni ó yẹ ká mọ̀ fún wọn. A ti fẹnu kò pé bí mo bá dé, a óò jọ lọ sétí odò lálẹ́ láti gbọ́ igbe wọn, a kò sì ní mú ìkankan wálé.

Àkèré aláwọ̀ ewé tó kù ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Oògùn ran án lọ́wọ́, àyẹ̀wò ìkẹyìn kò sì rí àrùn náà lára rẹ̀ mọ́. Òun nìkan ló ń gbé nínú àpótí tuntun tí Bàbá Kékeré bá mi rà. Omi tí mo bá gbọ́n kúrò níbẹ̀, mo máa ń da blíìṣì sí i, kí n fi í sílẹ̀ fún àkókò tí dókítà sọ, kí n tó dà á nù. Lórí àpótí náà, mo lẹ ìwé kékeré kan tí mo kọ irú rẹ̀, ọjọ́ tó dé àti ibi tí mo ti rà á sí. Ìlà ìkẹyìn lórí ìwé náà bi ibi tó ti wá kí ó tó dé ọjà. Àyè ìdáhùn rẹ̀ ṣófo, nítorí pé n kò béèrè.